Ọ̀gá Ní Kí N Kọ Ìlérí, Mo Bá Gbé Téèpù Lọ Wọn Ilé Tí A Ti Yà

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kìíní, nígbà tí kálukú ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ ilé, ni Ọ̀gá gbé ìwé kan sórí tábìlì mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan ló fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé tuntun. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé tó bá fẹ́ du iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú ìwé wá tí yóò sọ ohun tó ń ṣe kí ilé tó bá yà má baà ba àyíká jẹ́, kó má sì máa jẹ iná àti omi ní àjẹkì. "Kọ ọ́ kó tó di ọjọ́ Ajé," ni Ọ̀gá wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Àwa méje la wà ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ìdí fèrèsé onígíláàsì gbàgàdà kan tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni mo jókòó sí, oòrùn ń jó mi lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè orí mi, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé, èmi náà wá ń kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ wa kórìíra kí èèyàn máa fi iná ṣòfò.

Ojú ewé mọ́kànlá ni mo kọ. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá kà á dé ìkẹta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dùn ún kà. Èwo nínú ilé tí a ti yà ló rí báyìí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Kì í ṣe pé ó ń bá mi wí, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Èmi náà bá fẹ́ mọ̀. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi lọ wo àwọn ilé náà. Ọ̀sẹ̀ kan ló fún mi.

Ilé mẹ́rin ni mo ráyè dé. Mo mú téèpù, mo ra ẹ̀rọ ìwọn-ooru kéékèèké méjì ní Dùgbẹ̀, mo kó pláànù ilé kọ̀ọ̀kan dání. Iṣẹ́ náà ò le. Mo ń wọn bí páànù ṣe yọ kọjá ògiri tó, mo ń wo ibi tí fèrèsé kọjú sí, mo ń ka yàrá tí atẹ́gùn lè gba ojú kan wọlé kó gba òmíràn jáde, mo sì ń bi àwọn onílé léèrè ohun tí iná ń gbà lọ́wọ́ wọn lóṣù.

Ilé kìíní kò burú. Èkejì ló kó ìtìjú bá mi. Ní Òjóò ni. Ìyá onílé mú mi wọ yàrá òun àti ọkọ rẹ̀. Kúbùsù ni wọ́n fi bo fèrèsé, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri.

"Ẹ̀yin àkítẹ́ẹ̀tì lẹ ya yàrá yìí fún wa o," ó ní. "Bàbá wọn kì í sùn síbẹ̀ láti oṣù kejì títí òjò á fi rọ̀. Pálọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí."

Mo gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Aago méje alẹ́ ni, oòrùn ti wọ̀. Ìta ti bọ́ sí 29 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú yàrá ṣì wà ní 34. Mo jáde lọ sínú ọkọ̀, mo tú pláànù wò. Ọwọ́ mi yìí ló ya fèrèsé yẹn, mítà méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀, nítorí pé ó bá ojú ilé mu.

Kò sí awo kankan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ síbẹ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà ní àtàrí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀ sí apá àríwá. Ní àwọn oṣù yòókù, á yẹ̀ sí gúúsù. Nítorí náà, ògiri tó bá kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, páànù tó bá yọ tó mítà kan lè ṣíji bò ó ní ọ̀sán. Ti ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í ti òkè wá, ọ̀ọ́kán ló ń gbà wọlé bí ẹni tó ń yọjú wo inú ilé, kò sì sí bí páànù ṣe lè gùn tó tí yóò dá a dúró. Búlọ́ọ̀kù á mu ooru náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ nígbà tí onílé bá fẹ́ sùn.

Ní ọjọ́ kẹta mo gba Yunifásítì Ìbàdàn kọjá, mo wọlé. Mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti kékeré, mi ò fi ojú ayàwòrán wo ibẹ̀ rí. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya kan láti ìlú òyìnbó, ló ya púpọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ ibẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1940 wọ àwọn ọdún 1950. Púpọ̀ nínú ilé náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, yàrá kan péré ló wà láàárín ojú ogiri kan sí èkejì, atẹ́gùn á wọ ibí, á jáde lọ́hùn-ún. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi sẹ́ oòrùn. Ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, Arieh Sharon tó wá láti Ísírẹ́lì ya àwọn ilé Humanities bíi pírámíìdì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé: òkè fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan ń ṣe agboòrùn fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice lọ́dún 2023 fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, ló ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn níbí, ó sì ti pẹ́ tí bàbá náà ti ń po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì fi mọ ògiri.

Ẹ má sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ìwé ni wọ́n ti kọ́ wa. Ilé màmá tó bí màmá mi ní Ọ̀yọ́, ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn tó láti ìgúnpá mi dé ìka ọwọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá ká, omi òjò ń dà láti eteetí òrùlé sínú ìkòkò. Mo lo ọ̀pọ̀ ìsinmi níbẹ̀ láìsí fáànù. Ìgbà tí mo wá rò ó dáadáa ni mo rántí pé àwọn àgbà ilé máa ń sọ pé ilé náà tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó ṣí koríko orí rẹ̀, kí wọ́n fi páànù rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ páànù yìí, mo ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Mo kó ojú ewé mọ́kànlá yẹn dànù. Ohun tí mo kọ rọ́pò rẹ̀ kò kún ojú ewé kan, mo sì rí i dájú pé kò sí èyí tí ẹni tó mú téèpù dání kò lè wá yẹ̀ wò. Yàrá ìsùn wa kankan kò ní ṣí fèrèsé sí ìwọ̀ oòrùn láìjẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí igi wà níwájú rẹ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan yóò ní fèrèsé lára ògiri méjì. Páànù yóò yọ sẹ̀ntímítà 90, ó kéré tán. A ó dán ilẹ̀ tó wà lórí sáìtì wò, bóyá ó ṣeé fi mọ ògiri, ká tó ránṣẹ́ pe tírélà yanrìn. Omi orí páànù kò ní máa ṣàn lọ sójú títì. Ìkẹfà ni Ọ̀gá fi bírò fa igi lé lórí: pé lẹ́yìn ọdún kan, a ó padà lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọn-ooru, a ó sì kọ ohun tí a bá bá níbẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú.

"Kí wọ́n lè rí nǹkan fi pè wá lẹ́jọ́, àbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó wo fèrèsé ìwọ̀ oòrùn yẹn fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ilé tó bá kọ́kọ́ dé, ìwọ lo máa dúró tì í láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé."

Ilé tó kọ́kọ́ dé ni ti Màmá kan tó ti jẹ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì. Púlọ́ọ̀tì kan ló ní ní Mọníyà, ilé oníyàrá mẹ́ta sì ni wọ́n fẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Orí bá mi ṣe é, púlọ́ọ̀tì náà gùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé á bọ́ sí àríwá àti gúúsù láìsí wàhálà. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé títì wà ní ìwọ̀ oòrùn, Màmá sì fẹ́ kí yàrá àwọn wà níwájú kí wọ́n lè máa rí ẹni tó bá kan géètì. Mo rò ó títí. Nígbẹ̀yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà méjì ààbọ̀ ni mo fi síwájú, kí wọ́n lè máa jókòó síbẹ̀ rí géètì bó ṣe wù wọ́n. Ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti yàrá ẹrù ni mo tò sí apá ìwọ̀ oòrùn kí wọ́n gba oòrùn sára, mo wá kó àwọn yàrá ìsùn lọ sí apá ìlà oòrùn. Igi máńgòrò kan wà níwájú ilẹ̀ náà. Àwọn tó wá roko ti gbé ayùn sí i lára kí n tó dé. Ìyẹn nìkan ni mo pariwo lé lórí lọ́jọ́ náà.

Màmá gba gbogbo rẹ̀ títí mo fi dé orí búlọ́ọ̀kù alámọ̀.

"Ọmọ mi, dúró ná. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Inú ilé alámọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ṣé kí n wá kó owó ìfẹ̀yìntì mi padà síbẹ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe amọ̀ àtijọ́. Ilẹ̀ pupa ni, tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí, tí a wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ kó le. Mo sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní NBRRI, ti ń polówó irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ láti Ọ̀tà tipẹ́tipẹ́. Ojú wọn kò yí padà. Mo rí i pé ẹnu nìkan ò lè ṣe é. Lọ́jọ́ kejì mo mú búlọ́ọ̀kù kan lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe é lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, mo bu amọ̀ tí a kò fi nǹkan kan sí, èyí tí mo mọ tí mo sá gbẹ, mo rì àwọn méjèèjì sínú báàfù omi lójú wọn. Amọ̀ yẹn ti di ọbẹ̀ kí n tó mu omi tí wọ́n gbé fún mi tán. Mo ní kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni fóònù mi dún. "Nǹkan rẹ yìí ò tíì yọ́ o. Mo fẹ́ fi báàfù mi fọṣọ."

Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan méjì dè é: ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, iwájú ilé tí àwọn ará ìjọ máa rí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ tí a sì kùn lọ́dà. Ti ìpìlẹ̀, wọ́n tọ̀nà, amọ̀ àti omi inú ilẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́. Ti rírẹ́ ni mo kàn gbà kí n lè lọ sùn.

Kí n sọ bí a ṣe ń dán ilẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ kọjá èyí tó dúdú lókè tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, nítorí ìyẹn á jẹrà. Ẹ ó bu ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, ẹ ó da omi lé e, ẹ ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ ó gbé e kalẹ̀. Yanrìn máa ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Èyí tó kúnná jù ú lọ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Amọ̀ ló ń gbẹ̀yìn, ó lè di ọjọ́ kejì kí omi tó mọ́. Ẹ wá fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Nínú ìgò tiwa, bí gbogbo ilẹ̀ náà bá jẹ́ mẹ́wàá, amọ̀ kó méjì, yanrìn kó ju mẹ́fà lọ. Ìyẹn dára fún búlọ́ọ̀kù.

"Àǹtí, ìgò yín yìí, ṣé àgbo ni?" Bàbá Bíríkìlà ló ń bi mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Ogójì ọdún ni bàbá náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ilẹ̀. Wọ́n á po ó, wọ́n á fún un lọ́wọ́ bí ẹni mọ òkèlè, wọ́n á jẹ́ kó já bọ́ láti èjìká. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi rẹ̀ tó. Bó bá lẹ̀ pẹ̀tẹ́ sílẹ̀, omi ti pọ̀ jù. Bó bá fọ́n ká bí gààrí, omi ò tó. Ìwé tí mo kà sọ ohun kan náà, àmọ́ ọwọ́ Bàbá yára ju ti ìwé lọ.

Ẹ̀rọ tí a fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ onírin, kò lo iná, kò lo epo. Ọ̀pá gígùn kan ni èèyàn ń fà wálẹ̀ láti fún ilẹ̀ pọ̀. Ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, wọ́n pè é ní Cinva-Ram, àwọn wẹ́dà wa níbí sì ń ṣe é fúnra wọn báyìí. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tí a ń fi sí i. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, a ó tò ó sí ibòji, a ó fi ọ̀rá bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje, kò sì ní gun ògiri kó tó pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo dé sáìtì, mo ká ọ̀rá, mo rí i tí búlọ́ọ̀kù bí irinwó ti là tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ. Ọkàn mi já. Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá àwọn lébìrà lẹ́bi pé wọn ò wọ́n omi. Bàbá Bíríkìlà fa ọ̀kan ya, ó rà á mọ́ ìka, ó ní, "Èyí kì í ṣe ilẹ̀ àná." Òótọ́ ni. Kòtò ṣálángá tí wọ́n ń gbẹ́ lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti lọ ń kó o, nítorí ó ti wà nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó yàtọ̀. Iwájú nìkan ni mo ti bu ilẹ̀ sínú ìgò. Nígbà tí mo dán ti ẹ̀yìn wò, amọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá, irú amọ̀ tí yóò wú bó bá mu omi, tí yóò là bó bá gbẹ.

A fi hẹ́dípáànù yanrìn kan po mẹ́ta ilẹ̀ ẹ̀yìn náà, ó sì dúró. Àwọn tó ti là, inú ìpìlẹ̀ la fọ́ wọn dà sí. Ọ̀gá ní kí owó sìmẹ́ńtì tó bá a lọ má ṣe kan Màmá, ó sì fi ìlà kan kún ìwé ìlérí wa pẹ̀lú bírò pupa: ihò mẹ́ta ni a ó máa gbẹ́ fi dán ilẹ̀ wò, kì í ṣe ọ̀kan.

Ibi tí mo ti wá gba ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù ni orí ìṣírò sìmẹ́ńtì. Gbogbo ìdí tí mo ṣe fẹ́ ilẹ̀ pupa ni pé kí sìmẹ́ńtì lè dín kù. Ẹni tó bá ti gba Ewékorò kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì, mọ bí nǹkan ṣe rí: òkúta ẹfun ni wọ́n ń wú, wọ́n á sun ún nínú iná tó gbóná ju iná alágbẹ̀dẹ lọ. Èéfín inú iná wà níbẹ̀, òkúta fúnra rẹ̀ tún ń tú kábọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jóná. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ń fa bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ̀n tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run.

Mo wá jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ẹ̀rọ ìṣírò lé e. Búlọ́ọ̀kù wa wọn kílò mẹ́jọ, sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò ju bíi kílò 0.64 lọ. Ọgbọ̀n rẹ̀ ló ń lọ sí mítà kan níbùú lóròó, ó di bíi kílò 19. Fi èyí tí a fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra kún un, ó di 23. Mo ṣírò ti búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì onínáìnì: mẹ́wàá ló ń lọ sí mítà kan náà, bí àpò kan bá ṣe márùndínlógójì, kílò 14 péré ni. Mo nu ojú mi. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí mo ti ń bú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò jẹ sìmẹ́ńtì tó tèmi! Ibi tí ó ti wá ń kó gbèsè ni ìlẹ̀mọ́ra rẹ̀ àti rírẹ́ inú rírẹ́ ìta, èyí tó ń sọ ọ́ di bíi 30. Ìyẹn ni pé èrè ilẹ̀ pupa kò sí nínú búlọ́ọ̀kù rárá. Inú pé a kò rẹ́ ẹ ló wà. Tí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde bí ti gbogbo ilé, ilé alámọ̀ mi yóò jẹ sìmẹ́ńtì ju ilé tó kù ní àdúgbò lọ, a ó sì tún máa yangàn.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní àárọ̀, mo sọ fún Ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní kí n kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Amọ̀ tí a sẹ́ ni a wá fi rẹ́ inú ilé, a fi ẹfun kùn ún. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la fi sílẹ̀ ní pupa bí Ọlọ́run ṣe dá a. Iwájú nìkan la fi sìmẹ́ńtì rẹ́, nítorí àdéhùn ni àdéhùn.

Ó ku páànù. Gbogbo ariwo tí a ń pa lórí ògiri yìí, òrùlé ló ń gba oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, òun ló sì ń da èyí tó pọ̀ jù nínú ooru lé èèyàn lórí. Páànù aláwọ̀ funfun la lò, kì í ṣe dúdú tó wà lóde. Káfíńtà wa gbé òrùlé sókè, ó dá ihò atẹ́gùn sí ìhà ìlà àti ìwọ̀ oòrùn lábẹ́ ṣóńṣó rẹ̀, a sì fi àwọ̀n sí i nítorí àdán. Ooru tó bá kó jọ lókè sílíǹ á bá ibẹ̀ lọ, kò ní máa rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Owó tó lọ síbẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹni kan bá wá bá mi lónìí pé ohun kan ṣoṣo lòun lè ṣe lára ilé òun tó ti wà nílẹ̀, òkè sílíǹ ni máa ní kó kọ́kọ́ gùn lọ.

Ti omi rọrùn jù. Òjò mìlímítà kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Òrùlé Màmá jẹ́ bíi mítà 140 níbùú lóròó, òjò ńlá kan tó bá rọ̀ ní mìlímítà 30 ti fún wọn ní lítà tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ. A fi gọ́tà yí i ká, a fi páìpù kan gba omi àkọ́kọ́ tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ dànù, èyí tó kù ń lọ sínú táǹkì. Ọmọ Màmá tó wà ní Manchester ti fi owó ẹ̀rọ amúlétutù ránṣẹ́. Màmá fi ra táǹkì kejì.

Kí iṣẹ́ tó parí, mo gbé ilé náà sórí EDGE, ètò kan tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé tó bá máa yege níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín iná, omi, àti ìpalára tí ṣíṣe ohun èlò rẹ̀ ń ṣe fún àyíká kù sí ti irú ilé tí wọ́n sábà ń kọ́ níbẹ̀. Iná yege, ohun èlò yege, omi fìdí rẹmi. Táǹkì ò sì gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ̀rọ omi tí mo yàn fún ilé ìwẹ̀ ló ń da omi bí ìṣàn odò. A pààrọ̀ wọn, a fi àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníbọ́tìnnì méjì sí i, ọ̀kan fún omi díẹ̀, ọ̀kan fún omi púpọ̀. Pọ́lọ́ńbà ní òun ò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Owó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni Ọ̀gá ní òun ò ní san fún ilé oníyàrá mẹ́ta, mi ò sì bá wọn jiyàn.

Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan, ní oṣù kẹta, mo mú ẹ̀rọ ìwọn-ooru lọ sí Mọníyà gẹ́gẹ́ bí ìwé wa ṣe wí. Aago méje alẹ́, ìta wà ní 29, yàrá Màmá wà ní 30. Ilé yìí kì í ṣe ilé Òjóò, ọjọ́ yìí kì í sì í ṣe ọjọ́ yẹn, mi ò ní fi wọ́n wéra bíi pé ìdánwò ni. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Yàrá ẹrù tí mo tò sí ìwọ̀ oòrùn gbóná débi pé epo pupa ń yọ́ bí omi níbẹ̀, mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ti gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn tipẹ́. A ti lẹ páálí sí fèrèsé ọ́fíìsì wa, a sì ti yí tábìlì mi kúrò níbẹ̀.

Màmá bu omi tútù fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ máńgòrò. Inú wọn dùn, mo rí i. Wọ́n jẹ́ kí n mu ún tán.

"Ọmọ mi, ìgbéyàwó àbúrò yín ń bọ̀ lóṣù kejìlá. Àlejò máa gba ẹ̀yìn wọlé. Mo fẹ́ kí Bàbá Bíríkìlà wá bá mi fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ ilé yìí."

Mo yọ bírò, mo ṣírò kílò sìmẹ́ńtì rẹ̀ fún wọn lẹ́yìn rìsíìtì kan: 23 bí a kò bá rẹ́ ẹ, 28 bí a bá rẹ́ ojú kan, 33 bí a bá rẹ́ méjèèjì. Wọ́n wò ó dáadáa bí ẹni tó ń máàkì ìwé ọmọ ilé ìwé.

"Ó yé mi," wọ́n ní. "Sìmẹ́ńtì ta ni?"

Mo ní màá padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.